Olè Tí Ó Ń Kàwé Nínú Yàrá Wa

Ilé Adébáyọ̀ Bíríkìlà,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ìyìn-Èkìtì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Òkìkíọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Jọ̀wọ́, kí o tó ka ohunkóhun, forí jì mí pé mo dá a láṣà láti kọ lẹ́tà yìí rárá. Mo mọ̀ pé kò tíì tọ́ sí mi. Ní ilé-ìwé àgbà wa, ọdún kejì ni wọ́n ń kọ́ lẹ́tà kíkọ, ọdún kìíní sì ni èmi wà, àwa tí a wà níbẹ̀ kò tíì kọjá gbólóhùn kúkúrú. Bí Tísà bá mọ̀ pé mo ti fo àkàbà báyìí, n kò mọ ojú tí n ó fi wò ó. Nítorí náà, gbogbo àṣìṣe tí o bá rí níbí, èmi nìkan ni mo ni ín, má kà á sí Tísà lọ́rùn. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ọ́, mo ti ya ewé mẹ́rin, mo sì ti fi wọ́n dáná.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run tí ó mú ọ gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà kọjá dé Àbújá láyọ̀ kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í di àṣedànù. Ẹni tí yóò fẹ́ ọ yóò rí ọ, ojú ìwọ náà kò sì ní í fò ó. Àmín. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ wà, ohùn rẹ̀ náà sì wà bí ó ṣe wà. Lánàá ni ó pe ẹnì kan láti ẹnu ọ̀nà wa, tí ẹni mẹ́ta tí kò pè sì dáhùn.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Obìnrin tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó máa ń sọ fún mi pé ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí, mo bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀. Láti ọjọ́ tí o ti ra fóònù náà ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò lọ ìsinmi, kò ṣàìsàn, ọjọ́ Kérésìmesì pàápàá ó dá mi lóhùn, mo sì máa ń kí i kú iṣẹ́ kí n tó pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dá gbogbo ayé lóhùn báyẹn, bí kò tilẹ̀ fẹ́, etí rẹ̀ yóò gbọ́ tẹni. Àṣírí ilé kì í ṣe ẹrù tí ó yẹ kí a tún dì lé e lórí.

O mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo ti dúró nígbà tí bàbá mi kú. Nígbà tí wọ́n kéde ilé-ìwé àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti lọ, ìwọ ni o ní kí n lọ, mo sì lọ. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo bi Tísà pé kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ó ní kò sí nǹkan kan, gbogbo fọ́ọ̀mù ni ó máa ń béèrè bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ní kí ó bá mi kọ orúkọ ènìyàn mọ́kànlá síbẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ó bá ṣẹlẹ̀, èrò yóò pọ̀ lẹ́yìn mi. Àyè kò gbà wọ́n, ó kọ àwọn mẹ́fà yòókù sí ẹ̀yìn.

Olúwakẹ́mi ni orúkọ Tísà wa, ìwọ gan-an jù ú lọ ní ọdún méjì. Nígbà àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí i nítorí pé olùkọ́ mi ni, òun náà kúnlẹ̀ kí mi nítorí pé mo lè bí i, a sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti èmi tí mo ṣe ìwé mẹ́rin rí, àti ẹni tí kò ṣe rárá. Ọmọ náà ní sùúrù. Kò pariwo mọ́ wa rí. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Nínú àpèkọ tí ó fún wa ní oṣù kejì, mẹ́rin ni mo gbà nínú mẹ́wàá. Ó sọ fún mi pé mẹ́rin kì í ṣe òfo. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé ẹni tí ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, tí ó sì gba mẹ́rin, ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ilé lọ.

Bàbá rẹ ni ó tún dá kún ìbẹ̀rù mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún un, ó ní òun kò ní kí n má lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá kàwé sí òun létí. Ohun tí ó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé nígbàkígbà tí mo bá ti dé láti kíláàsì, bí mo bá ti gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, yóò gbé ohùn rẹ̀ tí ó fi ń pe lébìrà lórí òrùlé, yóò ní, "Kí ni Tísà kọ́ yín lónìí? Má fo ohunkóhun." N ó dúró, n ó máa rò ó bí ẹni tí ó wà níwájú adájọ́. Bí mo bá fo nǹkan, yóò ní kí n padà. Mo ní ó ń wá ibi tí n ó ti ṣubú ni, kí ó lè sọ pé ilé-ìwé kò jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ báǹkì àti ti eku fún ọ níbí, nítorí wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹwàá, a jọ lọ sí báǹkì kan ní Adó. Wọ́n fún gbogbo ènìyàn ní kálámù kí wọ́n fi kọ nǹkan wérewère sí ìsàlẹ̀ ìwé. Nígbà tí ó kan bàbá rẹ, ọmọbìnrin ibẹ̀ gbé yíǹkì wá, ó fi kun àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì mú bébà rírọ̀ fi nù ún fún un. Inú mi dùn. Mo ní ẹ wo bí wọ́n ṣe bọ̀wọ̀ fún un, òun nìkan ni wọ́n kùn lọ́wọ́ nínú gbogbo èrò yẹn. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Bàbá rẹ kò dáhùn títí a fi dé Ìyìn. Mo ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Ti eku ni pé pẹ́ńsùlù mi ń kúrú. Ọ̀kan ni mo máa ń mú lọ sí kíláàsì, èkejì a wà nínú agolo mílíìkì lórí tábìlì, èyí tí ó wà nílé ni ó sì ń kúrú ju èyí tí mo fi ń kọ̀wé lọ. Mo ní eku ni. Mo dẹ pàkúté sí ẹ̀gbẹ́ agolo náà. Eku kò kó sí i, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìka wíwú, ó ní búlọ́ọ̀kù ni ó já lé e. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ya yunifọ́ọ̀mù rẹ àtijọ́, èyí tí ó ní àwọ̀ ewé, mo fi wé ìka náà, mo sì gúnyán fún un.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mo ti pinnu pé ọjọ́ náà ni n ó sọ fún Tísà pé n kò wá mọ́. Mo ti há gbólóhùn náà sórí láti àárọ̀, mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń fọ abọ́ kí n má bàa ṣì í. Nígbà tí mo dé kíláàsì, wọ́n ní wọ́n pe Tísà sí ìpàdé ní Adó, kí gbogbo wa máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé gbólóhùn mi padà, ó wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná.

Aago mẹ́ta kò tíì lù nígbà tí mo dé ilé. Òkè-Ìlá ní Adó ni bàbá rẹ ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kan, wọ́n ń kọ́ ilé alájà kan níbẹ̀, aago mẹ́fà ni mo sì máa ń retí rẹ̀. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, kò ṣí. Wọ́n ti tì í láti inú. Ni mo bá gbọ́ ohùn.

Ohùn ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó kéré, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀ bí ohùn ọmọ tí wọ́n ní kí ó dìde kàwé níwájú kíláàsì. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé yìí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọ̀ ọ́. Ó ní, "Bàbá... kọ́... i... lé." Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kejìlá nínú ìwé kíkà mi ni. Ìṣirò ni a máa ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà ìwé kíkà máa ń wà nílé. Mo ní olè ti wọlé, ó wo gbogbo yàrá kò rí nǹkan gidi kó, ni ó bá jókòó kàwé. Má rẹ́rìn-ín, Òkìkí. Èkìtì ni a wà, olè ibí pàápàá á ti ṣe ìwé dé ibì kan. Kí Ọlọ́run sì forí jì mí, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni ó bà mí, mo jowú. Ó ń kọsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀rọ̀ tí mo kùnà nínú àpèkọ, ó gbà á kọjá láìdúró. Mo ní àní olè tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Mo yẹra sí ẹ̀yìn igi ọsàn, mo pe bàbá rẹ kí ó sáré bọ̀. Fóònù rẹ̀ dún nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó dún, ẹni tí ó wà nínú ilé sì pa á. Mo ní wọ́n ti dá a lọ́nà, wọ́n ti gba fóònù rẹ̀, wọ́n sì ti bi í ní ilé rẹ̀. Mo rí i lójú mi níbi tí ó wà nínú igbó. Ìgbà yẹn ni mo sáré lọ sí ilé kejì, ọ̀dọ̀ Àìṣà aránṣọ àti Sàlàkọ́ ọkọ rẹ̀ tí ó ń lẹ táyà.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bí a bá ń wá aládùúgbò, kí á máa rí irú wọn. Àìṣà gbé àlùmọ́gàjí ńlá tí ó fi ń gé aṣọ, Sàlàkọ́ fa irin tí ó fi ń tú táyà, wọn kò bi mí ní nǹkan kan títí a fi dé ẹ̀bá ògiri wa. Ibẹ̀ ni Àìṣà ti rọra bi mí pé mélòó ni wọ́n. Mo ní ọ̀kan ni mo gbọ́. Ó bi mí pé kí ni ó ń kó. Mo ní kò tíì kó nǹkan kan, ó ń kàwé. Àìṣà wò mí, ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo irin ọwọ́ rẹ̀. Sàlàkọ́ ní olè tó ń kàwé tàbí tí kò kàwé, òun yóò fọ́ ilẹ̀kùn, òun yóò sì kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ kí ó tó rí ọ̀nà sá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n kọ́kọ́ wo inú ná. Mo gun búlọ́ọ̀kù tí bàbá rẹ tò sẹ́yìn ilé, mo sì yọjú láti ojú fèrèsé.

Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí kékeré tí ìwọ máa ń jókòó lé rẹ́ ẹ̀fọ́. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó wọ̀, ó tẹ orí ba, ó sì na ìwé náà síwájú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri kí ó tó lè rí i. N kò dá a mọ̀. Mo búra fún ọ, n kò dá ọkọ mi mọ̀, nítorí n kò rí i kí ó tẹrí ba fún nǹkan kan rí, àfi Ọlọ́run, ariwo ni ó sì fi máa ń ṣe ìyẹn. Ìka ni mo fi dá a mọ̀. Ìka tí ó fi ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi wé e.

Ó ka "ilé", ó dúró, ó wá fi èdè Èkìtì wa sọ fún ìwé náà ní jẹ́jẹ́ pé, "Ulé ni," ó sì tẹ̀ síwájú.

Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bébà sìmẹ́ǹtì kan wà nílẹ̀. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, Adébáyọ̀, Adébáyọ̀, Adébáyọ̀, ìlà kan lórí èkejì, ó gún régé bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Níbi tí ọ̀kan bá ti wọ́, ó ti pa á rẹ́, ó sì ti tún un kọ, bí ó ṣe máa ń wó ògiri tí kò bá gún. Òkìkí, ọkùnrin yìí ni ó kọ́ ìdajì àwọn kíláàsì tí ó wà ní agbègbè yìí. Ilé-ìwé tí mo ń lọ, òun ni ó gbé ògiri rẹ̀ ró. Kò sì sí èyí tí ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Lórí búlọ́ọ̀kù yẹn ni gbogbo nǹkan ti yé mi, báǹkì yé mi, eku yé mi, "má fo ohunkóhun" náà yé mi. Èmi ni mo rò pé mo ń jẹ́jọ́, àṣé kíláàsì rẹ̀ ni mo ń kọ́. Ọjọ́ Ẹtì tí ó ń sọ pé òun ń dúró kó irinṣẹ́ jọ, iṣẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn lébìrà rẹ̀ máa ń lọ kírun Jímọ̀. Gbólóhùn tí mo ti há sórí láti àárọ̀ sì kúrò lẹ́nu mi. Bí mo bá fi kíláàsì sílẹ̀, kì í ṣe ilé-ìwé tèmi nìkan ni mo tì.

Ìsàlẹ̀ ni Sàlàkọ́ ti ń bi mí pé kí ni mo rí, irin ti wà lókè orí rẹ̀. Bí mo bá ní ọkọ mi ni, kò ní í dé alẹ́ kí gbogbo Ìyìn tó gbọ́ pé Bíríkìlà ń tilẹ̀kùn ka ojú ìwé kejìlá. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Rédíò ni. Èmi ni mo gbàgbé láti pa á."

Wọ́n bi mí nípa fóònù, mo ní ó gbàgbé rẹ̀ sílé. Wọ́n bi mí nípa ilẹ̀kùn, mo ní kọ́kọ́rọ́ ni kò dára. Irọ́ mẹ́ta ní ọ̀sán kan, èmi tí mo ń kọrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Àìṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní Ìyá Òkìkí, ìwé ti fẹ́ yí yín lórí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Rédíò ní gbogbo àdúgbò, mo sì ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo padà sí ojú ọ̀nà, mo fi orin bọnu, mo ń wọ́ bàtà nílẹ̀ bọ̀ kí ó lè gbọ́ mi láti òkèèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti padà sí bí ó ṣe wà, ó ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni òun ń tún ṣe. Mo kí i kú iṣẹ́.

Ọ̀la rẹ̀ ni Sàlàkọ́ rò ó fún un lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, n kò gbójú sókè. Òkìkí, rédíò wa ti kú láti oṣù kẹjọ. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju òun lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó fi aṣọ di rédíò náà, ó gbé e lọ sí Adó, ó sì gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé e sójú fèrèsé tí ó kọjú sí ilé Àìṣà, ó ṣí i sókè. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kí àwọn ará àdúgbò lè máa gbọ́ ọ." A kò tún sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tún bi mí pé kí ni Tísà kọ́ wa, mo sì rò ó fún un láìyára, mo pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé mo mọ̀. N kò ní í bi í.

Ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n n ó ṣe é, nítorí ẹnì kan wà lẹ́yìn mi tí ó ń fi ẹsẹ̀ síbi tí mo bá fi ẹsẹ̀ sí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Ra gíláàsì ojú, irú èyí tí àgbà fi ń rí ohun tí ó súnmọ́ni, kí ó tóbi, nítorí orí bàbá rẹ tóbi. Má kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Fi ránṣẹ́ bí ẹni pé tèmi ni, n ó sọ pé kò bá ojú mi mu, n ó sì gbàgbé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì. Mo ti gbé pàkúté kúrò níbẹ̀. Bí o bá rí owó díẹ̀ fi kún un, pẹ́ńsùlù ni n ó fi rà, nítorí ènìyàn méjì ni ó ń lo ti ẹnì kan. Ayọ̀rìndé awakọ̀ tí ó ń ná Àbújá láti gáréèjì Fájuyì ní Adó ni yóò gbé lẹ́tà yìí wá, ẹ̀kọ ni mo fi lẹ ẹnu àpò lẹ́tà náà, bí o bá rí i pé wọ́n ti ṣí i, sọ fún mi.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ tí yóò tún rédíò ṣe nítorí tìrẹ. Ohun tí o bá tò kò ní í wó. Ọ̀nà rẹ yóò gún bí ògiri bàbá rẹ.

Jọ̀wọ́, má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni, má sì gbé e wá sílé nígbà tí o bá ń bọ̀ fún Àjíǹde. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbàgbé ìwé sórí tábìlì, kò sí ewu, àwo ọbẹ̀ ni bàbá rẹ yóò gbé lé e. Lánàá, mo bá a níbi tí ó mú páálí ọṣẹ lọ́wọ́, ó nà án síwájú, ètè rẹ̀ ń mì. Jó o ní Àbújá níbẹ̀, ọmọ mi. Kò sí ibi tí a lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí mọ́ nínú ilé yìí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọláyẹmí,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní.